Àgbọn Kọ́ Ló Ń Rùn

Kí n tó sọ ohun tí Alága kò sọ fún mi, ó yẹ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo ohun tó sọ. Ọkùnrin náà kò lahùn ọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé Tọ́kì ni ilẹ̀kùn àbáwọlé ti wá, Sípéènì ni táìlì ilé ìdáná ti wá, Jámánì ni ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ ti wá. Ó ní pátákó funfun tí wọ́n fi ṣe àjà ilé, tí wọ́n sì fi pín yàrá sí yàrá, inú kọ̀ǹtẹ́nà ló ti bọ́ sílẹ̀ tààrà láti òkè òkun, "kì í ṣe jákujàku tí wọ́n ń pò níbí yìí o, Àǹtí." Ká sọ pé ilé náà ní ìwé ìrìnnà ni, ì bá ti kún. Èmi tí mo fẹ́ rà á kò tíì kọjá Kútọnu rí. Ohun kan ṣoṣo ni Alága gbàgbé láti sọ: pátákó funfun yẹn ń rùn. Kò burú. Ènìyàn kò lè rántí ohun gbogbo.

Alága ni gbogbo wa ń pè é. Títí di òní, n kò tíì mọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ alága rẹ̀. Òun ló kọ́ ilé mẹ́fà kan tó tò síra wọn létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, níbi tí ojú ti lè tó igi àgbọn Gberefu ní òdìkejì omi bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Nítorí Màmá mi ni mo ṣe ra ọ̀kan nínú wọn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tí a ń gbé tẹ́lẹ̀ ti ba èémí rẹ̀ jẹ́. Bó bá sùn, àyà rẹ̀ á máa fín bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Dókítà ní kí n gbé e lọ síbi tí atẹ́gùn ti mọ́. Mo ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo fi ra atẹ́gùn. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò wádìí. Mo kàwé ní yunifásítì, mo sì tún ṣe ohun tí ẹni tí kò kàwé náà máa ń ṣe: mo lọ bi aládùúgbò. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé ilé àkọ́kọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá a, ó ń gé èékánná.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀kan nínú àwọn ilé yìí la fẹ́ rà. Ṣé kò sí ìyọnu, sà?"

Bàbá Tíṣà wo èékánná rẹ̀, ó wo ọ̀sà, ó tún padà wo èékánná.

"Ilé dára, ọmọ mi. Atẹ́gùn wà. Wà á gbádùn ẹ̀."

Atẹ́gùn wà lóòótọ́. Bàbá kò parọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìwà rere. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́ tí kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí a kó dé tí òórùn náà jáde wá kí wa káàbọ̀. Ẹyin ọ̀bu. Mo pe Alága, ó sì dé kíá, nítorí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó nawọ́ sí etí omi. Kòtò kan wà níbẹ̀, èèpo àgbọn kún inú rẹ̀, omi tó bò ó mọ́lẹ̀ dúdú. Ìyá àgbà kan, Ẹ̀gùn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Alágbọn, ló ni ín. Ó máa ń rẹ èèpo náà sínú omi títí yóò fi rọ̀, á wá fi igi lù ú, á yọ fọ́nrán rẹ̀ tà fún àwọn tó ń ṣe okùn àti ẹní ìnusẹ̀. Kòtò náà sì ń rùn. Kí n má purọ́ mọ́ ọn: bí ẹyin ọ̀bu gan-an ló ń rùn. Bí irọ́ bá ń wá ẹlẹ́rìí, kò lè rí èyí tó ju ìyẹn lọ.

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé etí ọ̀sà lẹ wà, Àǹtí," Alága ní. "Àgbọn ni. Ẹ ti fèrèsé yín pa, kẹ́ ẹ tan amúlétutù. Ẹ máa gbé bí òyìnbó jàre."

A ti fèrèsé pa. Gbogbo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì rí olówó, ló ti fèrèsé pa. Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò: àwa tí a tìtorí atẹ́gùn wá sétí ọ̀sà, a ti atẹ́gùn mọ́ ìta. Bí a bá ṣe ń tì í ni ilé ń rùn sí i. Bó bá ṣe ń rùn sí i ni a ń tì í. Èmi gan-an ra rọ́bà, mo fi dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí àgbọn má baà rí àyè wọlé.

Ẹ̀rọ amúlétutù kú kí ọdún tó yí. Ẹni tó tú u fi páìpù inú rẹ̀ hàn mí, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. A ra òmíràn. Òun náà tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni Màmá ṣí àpótí rẹ̀, tó bá ẹ̀gbà ọrùn fàdákà tó fi ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá mi, tó ti dúdú kanlẹ̀. Mo gbé e lọ bá àwọn tó ń fọ fàdákà ní ọjà Agbalata, ó dán, mo gbé e padà sínú àpótí, ó tún dúdú. Àwọn ẹgbẹ́ Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Wọ́n wá gbàdúrà nílé wa, wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí ọ̀tá má gbọ́, wọ́n sì wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àmín fi di iṣẹ́. Wọ́n ní ikọ́ yẹn gan-an ni àmì pé ẹ̀mí búburú ń jáde lọ.

Alága ní tirẹ̀ sọ lórí fóònù pé bóyá ẹ̀jẹ̀ Màmá ni kò bá fàdákà mu.

"Alága, inú àpótí ló wà o. Kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yin alákọ̀wé! Ẹ fẹ́ràn àlàyé jù."

Ní ti àyà Màmá tí mo torí rẹ̀ ra ilé, kò dákẹ́. Ó tún rí ẹnìkejì: ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, omi ń dà lójú rẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà.

Àwa onílé wá ṣèpàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Tíṣà. Alága fúnra rẹ̀ wá, ó ra mínírà fún wa, ó sì ránṣẹ́ pe Ìyá Alágbọn.

"Ìyá, a bẹ̀ yín, ẹ dí kòtò yẹn. Ẹ wo àwọn èèyàn gidi tí ẹ ń fi òórùn lé kúrò nílé wọn."

Ìyá Alágbọn wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ṣì wà lápá rẹ̀ láti ibi iṣẹ́.

"Ibẹ̀ ni ìyá mi rẹ àgbọn. Ibẹ̀ ni ìyá tó bí i rẹ àgbọn. Ilé yín ló wá bá òórùn mi. Òórùn mi kò wá bá ilé yín." Ó yíjú sí Alága. "Máwù Ọlọ́run ń wò ọ́, ìwọ ọkùnrin yìí. Àgbọn kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Alága rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà fẹ́ràn èpè. Ìyá dí kòtò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo wa dúró de òórùn kó lọ. Òórùn náà dúró tì wá. A pe Alága. Ó ní ilẹ̀ ló ti mu ún, kí a ní sùúrù fún ilẹ̀.

Òjò ló wá gbèjà wa. Òrùlé jò sí pálọ̀, àjà rẹ omi, ọ̀kan nínú àwọn pátákó funfun náà sì já lulẹ̀, ó fọ́ sórí àga. Màmá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú èyí tó fọ́, ó gbé e sí imú, ó sì jù ú nù bí ẹni tí àkéekèé ta.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "àgbọn rèé o! Orí wa lókè ló so sí!"

Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn kò ṣú kí n tó wà níwájú Alága, pátákó nínú ọ̀rá, ẹ̀gbà ọrùn nínú báàgì. Ó ṣí ọ̀rá, ó yára dì í padà. Kò yà á lẹ́nu. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú, pé kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó yà lẹ́nu.

"Bí wọ́n ṣe kó o wọlé nìyẹn, Àǹtí. Èmi náà rà á ni. Ẹni tó tà á fún mi, òun náà rà á ni."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ẹni tó ra ilé àkọ́kọ́ ti pariwo lé mi lórí kẹ́ ẹ tó dé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ó tẹ́wọ́ méjèèjì bí aláìmọwọ́mẹsẹ̀. "Ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ bi mí ní táìlì, mo dáhùn. Ẹ bi mí ní ìwé ilẹ̀, mo gbé e wá. Ọjọ́ wo lẹ bi mí pé ṣé àjà máa ń rùn?"

Òótọ́ ni, n kò bi í. N kò sì bi í bóyá ejò wà nínú ṣálángá. Àṣìṣe tèmi ni.

Ẹni tó ra ilé àkọ́kọ́, Bàbá Tíṣà ni. Mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀.

"Bàbá, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Mo bi yín o. Níbí yìí ni mo dúró sí, tí mo bi yín."

"A kì í ba ọjà ọlọ́jà jẹ́." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣe àtúnṣe iṣẹ́ àmúrelé. "Èmi náà fẹ́ ta tèmi. Bí mo bá là á, ta ni yóò rà á? Ìwọ náà, panu mọ́. Ẹnì kan ń bọ̀ tí yóò wá ra tìẹ, wà á gbé ìyá rẹ lọ síbi tó dára."

Nígbà náà ni ìlà ilé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Kì í ṣe fèrèsé nìkan la ń tì. Gbogbo wa ló jókòó sílé, tí a pa ẹnu mọ́, tí à ń retí ẹni tí yóò wá bá wa gbé òórùn náà lọ. Èmi náà rò ó. Kí n má dibọ́n, mo gbọ́ àyà Màmá tó ń fín nínú yàrá, mo sì rò ó dáadáa. Bí mo bá dákẹ́, a ó rí ilé tà, Màmá á sì bọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, a di ará ibẹ̀ títí láé.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni Alága kó tọkọtaya kan wá wo ilé tó kù, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Oyún obìnrin náà ti yọ. Alága ti sọ Tọ́kì fún wọn, ó ti sọ Sípéènì. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú kò tì í rárá.

"Ẹ ò ṣe bi aládùúgbò yín! Ẹ bi Àǹtí. Alákọ̀wé ni wọ́n."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí àwa náà ní ọjà. Lọ́dọ̀ Bàbá Tíṣà, ẹnì kan wúkọ́ ikọ́ ìkìlọ̀.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀ tòun ti oyún. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ọ̀kan nínú àwọn ilé yìí la fẹ́ rà. Ṣé kò sí ìyọnu, mà?"

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ló tún sọ sí mi létí. 

"Ilé dára," mo ní. "Atẹ́gùn wà." Alága mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ìta ló wà. Ẹ wọlé wá wo inú. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Mo mú wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn, èyí tí a ti tì pa láti ìgbà tí òjò ti rọ̀. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo imú, ó tún yọ ọ́ nítorí ìtìjú.

"Àgbọn ni," Alága ń sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Àgbọn ni o, etí ọ̀sà la wà."

"Àgbọn wo, sà?" obìnrin náà bèèrè. "Mi ò rí àgbọn kankan."

"Gbójú sókè, ọmọ mi," Màmá ní láti orí àga rẹ̀. "Ó so jìngbìnnì."

Mo wá kó ẹ̀sùn mi kalẹ̀ fún wọn bó ṣe yẹ: pátákó tó já, páìpù àti ẹ̀gbà ọrùn tí òórùn rẹ̀ sọ di dúdú, kòtò tí wọ́n dí láìṣẹ̀. Ọkọ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó ti wà níta kó tó parí ọpẹ́.

"Àǹtí, ẹ ti ba ọjà mi jẹ́," Alága ní. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, bí ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

"Rárá o, Alága. Ó ti bàjẹ́ kó tó wọ kọ̀ǹtẹ́nà."

Láti ọjọ́ náà, ìkíni dín kù ní ìlà wa. Bàbá Tíṣà ní mo ti sọ àwọn di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé ara wọn. Mo sọ fún un pé ẹ̀wọ̀n tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sàn ju èyí tó tì lọ. Pátákó yàrá Màmá la kọ́kọ́ tú, a tú ti pálọ̀, a tú gbogbo rẹ̀ tán. Bí ẹ bá gbójú sókè nílé wa báyìí, pákó òrùlé àti páànù ni ẹ ó rí, bí ṣọ́ọ̀ṣì tí owó tán lọ́wọ́ ìjọ. Ooru ń mú wa lọ́sàn-án. Àyà Màmá ti dákẹ́ fífín.

Mo lọ bá Ìyá Alágbọn, mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Kò yọ̀, kò sì bínú. Ó ní ẹni tó ní kí òun dí kòtò ni kó wá gbẹ́ ẹ. Alága kò tíì ráyè títí di òní, nítorí náà ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbẹ́ ẹ fúnra wọn. Bí atẹ́gùn bá yí sọ́dọ̀ wa láàárọ̀, òórùn kòtò á gba ojú fèrèsé wọlé, Màmá á fún imú pọ̀, á ní, "Èyí gan-an ni àgbọn." Kí àwa méjèèjì tó mu tíì tán, ó ti kọjá lọ.

Lágbègbè wa, ohun tí wọ́n máa ń kọ sára ògiri ni pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí àwọn gbájúẹ̀ má baà tà á mọ́ onílé lórí. Èmi náà pe akunlé kan wá. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà sí ògiri tó kọjú sí títì: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RA ÈYÍKÉYÌÍ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ RẸ̀, Ẹ KỌ́KỌ́ WÁ BI MÍ.

Ó kọ ọ́ tán, ó bèèrè bóyá kóun fi nọ́ńbà fóònù mi sí i nísàlẹ̀.

Mo ní kò pọn dandan. Bí wọ́n bá pè láti títì, a ó gbọ́. Fèrèsé wa wà ní ṣíṣí.