Wọ́n Ní Ẹsẹ̀ Mi Ló Ba Kílọ́ọ̀ṣì Jẹ́

Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí n kò lè gbàgbé ni mo ń fi mọ́tò bàbá mi gbé e láti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n. Lójijì, pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì tí mo tẹ̀ láti pààrọ̀ jíà lẹ̀ mọ́lẹ̀, mọ́tò kò sì fà mọ́. Tírélà ń fọn fèrè bọ̀ lẹ́yìn wa. Mo yà bàrá sínú koríko.

Mẹkáníìkì tí a pè bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin obìnrin! Ẹ kì í gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Pílétì inú rẹ̀ ti jẹ tán."

Bàbá mi nawọ́ sí mi. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Àbúrò rẹ ọkùnrin ni yóò máa wà á."

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mú un wá. Mo kọjú sí mẹkáníìkì. "Ọ̀gá, bí pílétì bá jẹ, kí ló di pẹ́dà mọ́lẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà tó ń fà á wò, bóyá ó ti dípẹtà."

"Mọ́tò ọdún mẹ́ta! Ìpẹtà wo ló fẹ́ wà níbẹ̀?" ni mẹkáníìkì wí.

"Ẹ yọ ọ́ ná, sà."

Ó ń kùn, ó fa wáyà náà yọ. Ìpẹtà pupa dà sí i lọ́wọ́. Ó nù ún, ó fi epo sí i, ó dá a padà, pẹ́dà sì gbéra.

Bóyá ẹsẹ̀ mi wúwo, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wa mọ́tò náà dé Ìfọ́n, bàbá mi sì jókòó tì mí.