Àwọn Ẹ̀rọ Tí N Kò Lè Pe Lórúkọ

Ọkọ mi kò mọ bí a ṣe ń to nǹkan. Kí ẹ tó sọ pé mo ń bú òkú, mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó wà láyé, ẹ̀rín ló fi mí rín. Bàtà rẹ̀ kan á wà lábẹ́ tábìlì, ìkejì á wà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá bá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn to àlàyé tó kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sunkún, lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Àlàyé kan wà nínú kọ̀ǹpútà, òmíràn jẹ́ ohùn tó gbà sílẹ̀ sórí fóònù ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, òmíràn sì wà lẹ́yìn ìwé ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ó jọ pé bí ìwàásù ti ń lọ lọ́wọ́ ló ń kọ ọ́.

N óò ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní yàrá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ṣe ètò kan tó ń sọ ọ̀kan náà di púpọ̀: kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, tí a kò lè fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n tí ń ṣiṣẹ́ bí ojúlówó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ba tirẹ̀ jẹ́, ti ẹlòmíràn kò ní fara gbá a. Kò sí àwòrán mèremère kankan níbẹ̀. Ojú dúdú lásán ni. Èèyàn á tẹ àṣẹ sí i, á sì tẹ orúkọ ẹ̀rọ tó fẹ́ tẹ̀ lé e. Yorùbá ló fi ṣe àwọn àṣẹ náà, láìfi àmì sí i: “ji” láti tan ẹ̀rọ, “wole” láti wọ inú rẹ̀, “pamo” láti fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́, “pare” láti pa á rẹ́ pátápátá, “araile” láti rí orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà. Bí o bá wọlé, á kí ọ pé “E kaabo sile”. Bí o bá ṣi orúkọ pè, á dá ọ lóhùn pé “Ko si eni to n je bee nile yii”. Mo máa ń sọ fún un pé ẹ̀rọ rẹ̀ yájú.

Orúkọ òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló fún àwọn ẹ̀rọ náà, láti orí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun kò ṣe ní gbàgbé.

Olùkọ́ ni mí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ní Ọ̀yọ́. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ó to àwọn àṣẹ rẹ̀ bí a-b-d ṣe lọ, tí “pare” fi ṣáájú “wole”. Ta ló ń kọ́ ọmọ bí a ti ń wó ilé kó tó mọ ẹnu ọ̀nà? Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo fi “ji” ṣáájú, mo fi “wole” tẹ̀ lé e, mo ti “pare” sẹ́yìn pátápátá, mo sì fún un ní ojú ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ láìkọ́kọ́ tẹ “pamo”.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń jókòó tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, kí n lè kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Nínú ọ̀kan, níbi tó ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ẹ̀dà ẹ̀rọ pa mọ́, ó ṣàdédé dákẹ́, ó sì béèrè pé, “Ìyàwó mi, ẹ̀wà yẹn ò tíì jinná ni?” Mo gbọ́ ohùn ara mi láti ilé ìdáná, mo ní kò tíì jinná, kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. N kò mọ iye ìgbà tí mo tún un gbọ́. Àárò rẹ̀ sọ mí débi pé mo se ẹ̀wà lọ́jọ́ náà, n kò sì lè jẹ ẹ́.

A kò bímọ. Mo sọ ọ́ báyìí kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́, àǹjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ìyẹn. Àwọn ará ilé ọkọ mi kò ṣe mí níbi rí, ṣùgbọ́n kí ló tún kù tí yóò máa gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́? Ìwé yìí nìkan ni. Nítorí náà ni mo ṣe ń fà á bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọbẹ̀ tán nínú àwo. Nígbà tí kò sí ohun tí mo lè tún tò mọ́, mo fi í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin yẹn, àbíkẹ́yìn wọn, ẹni tó jogún yàrá náà, tí kíláàsì rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ń bọ̀.

Àwa tí a fẹ́ ọkọ mọ̀ pé a kì í pe àwọn ọmọ tí a bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọkọ ni gbogbo wọn jẹ́ sí mi, àti àbíkẹ́yìn yìí náà, tó ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Mo pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Ìdílẹ̀kẹ̀, mo pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Adúmáadán. Àbíkẹ́yìn ni Eyínfúnjowó, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Ọkọ mi gan-an, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Ẹ máa rí i pé “ó” ni mò ń lò fún Eyínfúnjowó níhìn-ín, kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀. Bí mo bá wà níwájú rẹ̀, n kò tó bẹ́ẹ̀, “ẹ” àti “wọ́n” ni mò ń lò.

Ó pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ kíláàsì náà. Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tẹ ohun tí wọ́n rí nínú ìwé mi gẹ́lẹ́, gbogbo ojú ẹ̀rọ sì ń dáhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí mo kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tó mọ́ mi lẹ́nu ni ọwọ́ mi kọ: “ji idileke”, “wole eyinfunjowo”. Mo ti ka ìwé náà ní àkàtúnkà, n kò rí àṣìṣe kankan.

Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni mo jókòó láti tún un ṣe. Kò le rárá. Ọmọ kékeré lè ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan kí n tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọwọ́ mi kọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é lórúkọ, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè é lórúkọ. Bí èmi náà bá wá ń pè é bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó mú mi wọlé kò sì sí mọ́, kí ni mo fi yàtọ̀ sí wọn? Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́. Kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti pinnu pé Eyínfúnjowó ni yóò tẹ àwọn orúkọ náà fúnra rẹ̀, èmi yóò kọjú sí fèrèsé. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo kúnlẹ̀ kí i nítorí pé ìyàwó ni mí. Òun náà kúnlẹ̀ kí mi nítorí pé mo jù ú lọ. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

Mo sọ ìpinnu mi fún un. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà ńlá náà sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n tẹ “araile”. Mo tẹ̀ ẹ́. Idileke. Adumaadan. Akowe. Eyinfunjowo. Kò fọwọ́ kan ìwé mi rárá. Orúkọ àwọn ẹ̀rọ ló yí padà.

Ó ní, “Ṣé nítorí kọ̀ǹpútà ni ìyàwó ilé wa ó ṣe wá máa pe orúkọ wa?”

Mo bú sẹ́kún, n kò sì fi í pa mọ́. Nígbà tí mo nu ojú mi tán ni mo rí i pé orúkọ kan ṣì wà nísàlẹ̀ tí n kò kọ sínú ìwé kankan: iyawo. Mo bi í pé ta ni ìyẹn. Ó ní kí n wọlé wò ó.

Mo tẹ “wole iyawo”. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ètò náà jáde sójú dúdú yẹn: “E kaabo sile”. Mo ń wò ó ṣáá.

Eyínfúnjowó dúró tì mí. Ó ní ẹ̀rọ tuntun tí òun ṣe yìí kò tíì ní ojú ìwé tirẹ̀, ìgbà wo ni n óò wá kọ ọ́? Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún ìyàwó wọn lómi mu ná.