Omi Òkun àti Ẹ̀yìn Orúnkún Ọmọ Mi

"Màmá, bí ẹ bá tún jẹ́ kí ọmọ yìí wọ inú òkun, ẹ má wá bi mí ìdí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi nà." Ọ̀rọ̀ tí obìnrin onífísíò tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ mi sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, ní ilé ìwòsàn kan ní Àgbádárìgì, lójú gbogbo àwọn tó jókòó. Èmi kọ́ ni mo gbé ọmọ lọ sínú òkun. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́mọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì ga tó etí ọkọ̀ ojú omi bàbá mi, orí yanrìn tó wà láàrin ọ̀sà àti òkun ni ilé wa wà. Àwọn ọkùnrin ń fa àwọ̀n, àwọn obìnrin ń se òróró àgbọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fara gbọgbẹ́, ìbáà jẹ́ ìwọ̀ ni ó gún un tàbí ìgò ni ó gé e, òkun ni ilé ìwòsàn rẹ̀. Wọ́n á ní kí o jókòó síbi tí ìgbì ti ń fọ́, kí omi máa lu ojú egbò. Àwọn àgbà a ní òkun kì í gba ẹ̀gbin, pé ohun tó bá dọ̀tí, yóò tì í síta ni. Èmi náà jókòó bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí ìwọ̀ gún mi lẹ́sẹ̀, ó sì jiná. N kò ní purọ́ fún yín.

Ti àbúrò mi obìnrin ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ̀yìn rìn lọ́jọ́ kan, ó ń fi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ni ó bá kọlu ìkòkò òróró àgbọn tí ìyá wa gbé kaná. Òróró gbígbóná dà sí ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Láràárọ̀ ni ìyá wa ń pọ̀n ọ́n gba orí yanrìn lọ sínú ìgbì. Bí wọ́n bá dé, ọmọ náà kò ní fẹ́ na ẹsẹ̀, nítorí nínà ni ó ń dùn ún. Ìyá wa a wá ká ìró, a fi sí abẹ́ orúnkún rẹ̀, kí ó lè sùn. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń tún ìró náà ṣe, wọ́n ń sọ pé ẹ jẹ́ kó ká a, ó dùn ún. Àánú ni gbogbo wọn ń ṣe. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n na ẹsẹ̀ ọmọ.

Egbò náà ṣe ọyún títí, ó pẹ́ kó tó san. Nígbà tí ojú rẹ̀ padé, ìyá wa dúpẹ́, ó sì se oúnjẹ fún àwọn ará ilé. Wọ́n ní kí àbúrò mi dìde. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Awọ ẹ̀yìn orúnkún náà ti súnkì, ó le bí okùn tí oòrùn gbẹ. Ọmọ tó máa ń sáré ṣáájú gbogbo wa lọ pàdé ọkọ̀, ìgbà tí wọ́n bá ti pín ẹja tán ni ó ń dé etí òkun láti ìgbà náà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ó fi ń tẹlẹ̀ títí di òní.

Ẹ wá wo tèmi. Ọmọkùnrin mi àbígbẹ̀yìn, èyí tí mo bí nígbà tí wọ́n ti rò pé mo ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí, ṣubú lórí ọ̀kadà nínú yanrìn. Ọ̀kadà wó lù ú, sìlẹ́ńsà, ọ̀pá èéfín rẹ̀ tó gbóná, sì jó o ní ẹ̀yìn orúnkún. Ibi kan náà gan-an. Mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àgbádárìgì, wọ́n sì fi wá lé onífísíò lọ́wọ́, ẹni tó ń fi omi, ẹ̀rọ àti ìdárayá tọ́jú ara.

Mo wo gbogbo ohun tó ṣe. Ó fa omi iyọ̀ mímọ́ sínú síríńjì ńlá, ó ń tì í jáde díẹ̀díẹ̀ sójú egbò, kí ó lè ṣí ẹran tó ti kú kúrò láìba ẹran tuntun jẹ́. Ó fi báńdéèjì wé e. Ó di pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà kí ó lè máa wà ní nínà bí ọmọ bá sùn. Nígbà mìíràn, ó lẹ okùn ẹ̀rọ kan tó ń ta iná mànàmáná díẹ̀ sára mọ́ ẹ̀gbẹ́ egbò. Ọmọ mi ní ó ń ṣe òun bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára. Obìnrin náà ní ìyẹn ń ran egbò lọ́wọ́ láti tètè padé. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa na ẹsẹ̀ ọmọ nílé.

Nígbà tí mo délé, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ni, Ẹ̀gùn ni, ó sì fẹ́ràn ọmọ yìí ju ara rẹ̀ lọ.

"Ìyàwó," ó ní, "omi iyọ̀ ni wọ́n ń ta sí i? Ìyẹn lo ṣe ń wọkọ̀ kiri? Wọ́n bu òkun wa sínú síríńjì, ẹ tún wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní Ìyá, omi tiwọn mọ́, wọ́n sì mọ bí agbára rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tó, ṣùgbọ́n ìgbì kò mọ ẹran tuntun yàtọ̀ sí èyí tó ti kú. Ó ní ṣé àwọn bàbá àwọn kò ní ẹsẹ̀ ni. Mo yíjú sí àbúrò mi tó wá kí wa, mo retí pé òun á gbè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "egbò tèmi kúkú jiná."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú eegun. Lọ́jọ́ tí mo lọ sọ́jà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tú pákó, ó tú báńdéèjì, ó pọn ọmọ mi lọ sínú ìgbì. Nígbà tí mo dé, ó ti ká ẹsẹ̀ sùn, yanrìn wà nínú egbò, ẹran tuntun tó ti ń yọ ti bó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá ibà lára rẹ̀, ni mo bá gbé e padà sọ́dọ̀ onífísíò, ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

N kò bá ìyá tèmi wí. Kò sí ẹni tó sọ fún un, ilé ìwòsàn jìnnà, àjẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wa ọkọ̀ la ọ̀sà kọjá láyé ìgbà yẹn. Òkun ìgbà náà gan-an kì í ṣe ti òní tó kún fún àpò ọ̀rá àti epo ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ́ńjìnì wà, ilé ìwòsàn wà, wọ́n sì ń sọ fún wa. A gbọ́, a sì tún ń ṣe èyí tó wù wá. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé lójú wa, bí egbò bá ti padé, ọ̀rọ̀ ti parí. Egbò jíjiná lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ títọ́ lọ́tọ̀.

A ti tún bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń na ẹsẹ̀ ọmọ mi, igbe rẹ̀ ń dé ilé kẹta, àwọn aládùúgbò sì ń pè mí ní òǹrorò. Ó bi mí láàárọ̀ yìí bóyá òun á tún lè gbá bọ́ọ̀lù. Onífísíò náà kò tíì lè sọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ojú egbò ọmọ wọ inú òkun tàbí ọ̀sà. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ọmọ kan ń ké bí ìyá rẹ̀ ṣe ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.