Ère Ìyé Bọ́sẹ̀

Ẹ̀rín ni wọ́n fi gba ẹ̀kọ́ mi lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Màhíntẹ̀dó kí n tó fẹ̀yìntì. Ohun èlò wa kò ju tábìlì kan, amọ̀ etí odò, àti ìwé àwòrán ńlá kan tí mo gbé wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Inú ìwé yẹn ni àwòrán àwọn ère kéékèèké kan wà, tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ lókè òkun. Àwọn tó gbẹ́ wọn ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ ìwé kọ. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn: ọmú ńlá, ikùn ńlá, itan tó kún, orí tí kò ní ojú. Bí mo ṣe ṣí i báyìí ni kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Orobo!" ni ọmọkùnrin kan pariwo.

"Òrìṣà ni, Mà," ni èkejì wí. "Pásítọ̀ wa ní ká má máa wo irú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ òrìṣà yìí a máa bí mi nínú. Ohunkóhun tó bá ti pẹ́ nínú ilẹ̀, tó sì ní ọmú, òrìṣà ni wọ́n á pè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò yàtọ̀, òrìṣà ìbímọ ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà. Kò sẹ́ni tó rò ó pé bóyá ẹnì kan kàn jókòó, ó wo obìnrin kan dáadáa, ó sì fẹ́ràn ohun tó rí. Mo ní kí wọ́n wo bí ikùn náà ṣe yípo láìsí ibi tí ọwọ́ ti ṣìnà, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ tí ẹni tó gbẹ́ ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí nítorí pé ẹsẹ̀ kọ́ ló wù ú. Mo ní ẹni náà mọ ohun tó ń ṣe, iṣẹ́ ọnà gidi ni. Lẹ́yìn náà mo ní kí kálukú lọ fi amọ̀ mọ obìnrin tó rẹwà wá.

Àfi bíi pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn mọ: lẹ́pa lórí bàtà gogoro, ìbàdí tóóró bíi ti àwọn inú fóònù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gbé agbọ̀n ẹja kúrò nínú ọkọ̀. Bọ́sẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja tà ló mọ. Ó mọ ọ́n bó ṣe ń jókòó nídìí iná, orí tẹ̀ síwájú nítorí èéfín, ikùn sinmi lórí itan. A kò ní ibi tí a ti ń sun amọ̀, nítorí náà ìyá náà gbé e sórí àwọ̀n irin láàárín ẹja, ó ń yí i bó ṣe ń yí ẹja. Ó dúdú, ó ń dán, ó ń rùn bí ẹja yíyan. Mi ò tíì rí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wù mí tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkúrẹ́, kí wọ́n lè gba Bọ́sẹ̀ síbi tí yóò ti kọ́ iṣẹ́ náà dójú ìwọ̀n.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ láti yan iṣẹ́, Ìyé Bọ́sẹ̀, bí a ṣe ń pe ìyá rẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Zion Pepe, abúlé wọn. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà, inú rẹ̀ ń dùn. Ọ̀gá wo ère, ó wo ìyá.

"Tísà, obìnrin lẹ ní kí wọ́n mọ, àbí àgbá epo?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, pírínsípà wa náà rẹ́rìn-ín.

"Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wò," ni mo wí.

"Mo ti rí i. Ta ló lè ṣe é kó má rí i?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyé Bọ́sẹ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa ìborùn rẹ̀ bo ikùn. Lẹ́pa kan ni ọ̀gá mú, èyí tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sán kó tó dé inú ọkọ̀. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, inú ṣì ń bí mi.

Bọ́sẹ̀ kò wá sí kíláàsì mi mọ́. Nígbà tó yá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Zion Pepe láti lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo bá nídìí iná.

"Ọma mi ò sí nílé, Tísà. Ẹ jókòó."

Mo béèrè ère náà. Ojú rẹ̀ tàn, ó wọlé, ó gbé e jáde nínú aṣọ tó fi wé e. Ó ti fi ọ̀bẹ tó fi ń họ ìpẹ́ ẹja họ ọ́. Ikùn ti lọ, ọmú ti lọ, apá ti rí bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Iná ẹja kò jó wọ inú amọ̀ náà, nítorí náà amọ̀ funfun ló hàn níbi tí ọ̀bẹ ti kọjá.

"Èmi fúnra mi ni mo ṣe é," ó wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń họ ọ́, kó má baà ṣẹ́. Wọn ò ní fi ọma mi rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ bá mi gbé e padà fún ọ̀gá yẹn." Ó nu erùpẹ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Ṣé ó ti rẹwà báyìí, Tísà?"

Ó ń wò mí bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí máàkì.

"Ó rẹwà, Ìyé," ni mo wí.