Àwọn Tó Bá Mi Bẹ Adájọ́

Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ pé orí mi ti ń dàrú. Kò sọ ọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ mi ló ń pè lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n tètè gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn kí ó tó pa ara rẹ̀ tàbí kí ó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló ní. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ìwé ránṣẹ́ pé kámẹ́rà àwọn ká ọkọ̀ mi mọ́ ibi tó ti ń sá eré àsápajúdé lójú ọ̀nà Ọ̀fà Garage, kí n wá jẹ́jọ́ ní kóòtù alágbèéká. Ẹ̀yìn ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ló wà nínú àwòrán tí wọ́n fi síwèé náà. Ojú awakọ̀ kò hàn.

Mo ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí àwọn obìnrin tó ń wakọ̀ ní Ìlọrin ò pọ̀ rárá. Ọkọ mi ló kọ́ mi ní òpópónà GRA tó dá páro láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àbúrò rẹ̀ yìí a máa jókòó sẹ́yìn, a máa fi mí rẹ́rìn-ín nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà náà. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń ka ìwé, èmi náà ni mo sì ń kúnlẹ̀ kí i, tí mò ń pè é ní ọkọ mi, nítorí pé ilé ni mo bá a. N kò bínú sí àṣà. Ẹni tó fi àṣà gun èèyàn lórí ni mò ń bínú sí.

Ọjọ́ tí a ń ṣe àdúrà fídáù ọkọ mi ló mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kejì nínú dúrọ́ọ̀. Ó ní òun á máa bá mi tan ọkọ̀ kí bátìrì má baà kú. Láti ìgbà náà ló ti ń bi gbogbo agbo ilé pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ibo ló tún ń gbé ọkọ̀ lọ?

Nígbà tí ìwé yẹn dé, mo kà á títí ojú fi ń ro mí. Mo gba Ọ̀fà Garage kọjá lọ́sẹ̀ náà lóòótọ́, mo lọ ra oògùn orúnkún. Ọjọ́ wo gan-an? Orí mi kò gbé e. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní jọ́gíráfì, tí mo lè di ojú kí n ya odò Ọya àti gbogbo odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Mo pe ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní àdúgbò Fate. Ó ní, “Màmá, ẹ ò ṣe jẹ́ kí wọ́n kúkú máa gbé yín?” Bí kò ṣe bi mí bóyá èmi ni mo wà á dùn mí ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

Òórùn kan tún wà. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni búùtù ọkọ̀ mi ti ń rùn bí ilé ẹran. Mo bi àbúrò ọkọ mi bóyá ó gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa, àgbà ti dé. Imú arúgbó a máa gbọ́ òórùn ohun tí kò sí.”

Mo fọ búùtù náà, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá òótọ́ ló ń sọ.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó ní òun lòun máa gbé mi lọ. Ó mú àfáà agbo ilé wa dání, nítorí pé Ìlọrin ni a wà: kí adájọ́ tó dá ẹjọ́, àgbà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì ń bá bẹ̀bẹ̀ kì í lanu. Tó bá já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n á ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n ti parí gbogbo rẹ̀ sínú mọ́tò: kí n gbà pé mo jẹ̀bi, àwọn á bẹ̀bẹ̀, adájọ́ á dárí jì mí, tí a bá sì délé, kí n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi bí ẹrù.

Abẹ́ ìbòòrùn ni kóòtù ọ̀hún wà: tábìlì kan, àga onírọ́bà, ariwo ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Adájọ́ náà jẹ́ obìnrin, ojúgbà àbígbẹ̀yìn mi. Ó bi mí bóyá mo jẹ̀bi tàbí n kò jẹ̀bi. Kí n tó dáhùn, àbúrò ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. Adájọ́ ní kí ó dìde, kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó sọ bí mo ti dàgbà tó, bí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, bí opó ti máa ń ṣàṣìṣe. Àfáà ń ṣe àmín. Àmọ́ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò mú àánú ṣeni, ibẹ̀ ló sì ti rìn jìnnà jù.

“Olúwa mi, kò mọ̀ọ́mọ̀. Àgbò ìkómọ ló wà nínú búùtù. Ooru mú un, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń fi ìwo gbá páànù ọkọ̀. Tí ọkọ̀ ò bá sáré, òkú àgbò ni à bá gbé délé. Ẹ tìtorí ọmọ titun yẹn ṣíjú àánú wò wá.”

Àgbò wo? Láti ọjọ́ tí mo ti ní ọkọ̀ yẹn, n kò gbé ẹran ọ̀sìn kankan sínú rẹ̀ rí. Òórùn búùtù bá dé sí mi lọ́kàn. Ìyàwó kékeré àbúrò ọkọ mi ló bímọ lóṣù yẹn. Inú agbo ilé wa ni a ti sọ ọmọ náà lórúkọ. Èmi ni mo ra aṣọ òtútù fún un. Wọ́n gbé ẹran síwájú mi, mo jẹ ẹ́, mo sì ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ pé ẹran náà rọ̀.

Adájọ́ kọjú sí mi. “Màmá, àgbò ta ni?”

Àfáà fa ìborùn mi, ó tẹ ẹnu mọ́ mi létí. “Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ni? Kí ni wọ́n fẹ́ fi àgbàlagbà bíi tiyín ṣe?”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí jù. Ó ti yé àfáà kí ó tó yé èmi, ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni bí wọn yóò ṣe dì í rù mí. Ọkùnrin yìí ló kírun sí òkú ọkọ mi lára.

Mo dìde, mo tọ́ka sí àbúrò ọkọ mi. “Olúwa mi, tirẹ̀ ni. Ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n pa á fún. Mo jẹ nínú rẹ̀, ó dùn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbé e.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rín. Ó bi í pé ta ló wakọ̀ lọ́jọ́ náà. Àbúrò ọkọ mi wolẹ̀, ó wo àfáà, ó ní ẹbí kan náà ni wá. Adájọ́ tún bi í. Nígbà náà ló gbà pé òun ni. Adájọ́ ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹjọ́, kí wọ́n fi tirẹ̀ sí i. N kò dúró gbọ́ iye tí wọ́n bù lé e.

Mo na ọwọ́ sí i. N kò kúnlẹ̀. “Ọkọ mi, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi.”

Ó ní kí a délé ná.

“Méjèèjì,” ni mo wí.

Ó kó wọn jáde lápò.

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́. Àfáà ti wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Mo gbé ọkọ̀ náà. Inú mi kò dùn rárá. Gáàsì tó ní mo tàn sílẹ̀, ilẹ̀kùn tó ní n kò tì, àlejò tó ní mo gbàgbé pé ó wá, gbogbo ohun tó ti sọ nípa orí mi láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mò ń rò. Èwo ló ṣẹlẹ̀ nínú wọn? Ta ni n óò bi?

Mò ń rọra lọ débi pé kẹ̀kẹ́ ń kọjá wa, àwọn tó ru igbá ń kọjá wa. Àfáà húkọ́ lẹ́yìn ọkọ̀.

“Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Àlàásárì ń lọ.”

“Àfáà, ẹ ṣe súúrù,” ni mo dá a lóhùn. “Àgbàlagbà ni mí.”