Ìdáhùn Tó Wà Nínú Àpótí Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí pálọ̀ wa ní Ìlógbò-Èkìtì máa ń di gbọ̀ngàn ìdánwò ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Kí aago mẹ́jọ tó lù, n óò ti sún àwọn àga sẹ́yìn, n óò fi tábìlì kan ṣoṣo sí àárín, n óò sì lẹ nọ́ńbà ìjókòó mọ́ ọn lára, bí ẹni pé ẹlòmíràn wà tó lè bá ọmọbìnrin mi du àga náà. Aago ìtanijí á wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí mo bá ti ní, "Ó yá, bẹ̀rẹ̀," ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn mọ́. Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, á rọra gbé iṣu rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ bẹ ẹ́ níbẹ̀. Bí àkókò bá pé, n óò gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì ní ilé ìwòsàn kan. Iṣẹ́ mi ni láti rí i pé káàdì ẹnìkan kò bọ́ sínú fáìlì ẹlòmíràn. Mo rò pé bí a ṣe ń tọ́jú fáìlì náà la ṣe ń tọ́mọ.

Ìmọ̀ òfin ni mo fẹ́ kí ọmọ náà lọ kà ní yunifásítì. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ìwé kan wá fún ìyá mi pé kó tẹ̀ka sí i. Ìyá mi kò mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó kà á fún un. Ó tẹ̀ka. Bí oko kòkó wa tó wà lọ́nà Àsin ṣe kúrò lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ọmọdé ni mí, àmọ́ mo pinnu pé bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan nínú ilé mi á lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, á sì dá a padà sójú ẹni tó gbé e wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin mi ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, máàkì igba ó dín méjì ló gbà. Igba ó lé àádọ́ta ni wọ́n ń béèrè fún ìmọ̀ òfin níbi tó yàn. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, kọ lẹ́tà sí mi pé bí kò bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì, kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, nítorí ọjọ́ orí kì í dúró deni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún wa.

Mo ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan ní Ìdó, èyí tí wọ́n tẹ àwọn ìdáhùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi abẹ gé gbogbo ojú ìwé ìdáhùn kúrò. Ibi tí n óò kó wọn sí ló wá di ìṣòro, torí ọmọ náà mọ gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá mi. Mo rò ó títí, mo wá kó wọn fún ìyá mi pé kó fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, nítorí nínú ilé wa, òun nìkan ni kò lè kà wọ́n. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi débi pé mo ròyìn rẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Ìyá, ẹ má fún ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni n óò fún? Ewúrẹ́?"

Sátidé àkọ́kọ́, ó gba igba ó dín mẹ́wàá. Lẹ́yìn oṣù kan, igba ó lé mẹ́tàlá. Ó tún gòkè sí igba ó lé mẹ́rìndínlógójì. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gba ọ̀tàlérúgba ó lé ẹyọ kan. Mo pa adìẹ lọ́jọ́ náà. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti ń pè mí ní Màmá Lọ́yà, n kò sì ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀.

Èsì ìdánwò gan-an jáde: igba ó lé ẹyọ kan. Odidi ọdún kan, máàkì mẹ́ta ló fi kún un. Mo kọ́kọ́ sọ pé wọ́n ti gbé máàkì ẹlòmíràn fún un ni, nítorí ohun tí mo máa ń bẹ̀rù lẹ́nu iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọmọ náà ń sunkún.

Mo kó gbogbo ìwé ìdánwò Sátidé pẹ̀lú ojú ìwé ìdáhùn wọn, mo gun ọkadà lọ bá tíṣà tó kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, pé kó bá mi wo ibi tí ọmọ náà kù sí. Tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹ̀rín náà mọ́ kíá.

"Màmá, ta ló máàkì ìwé yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ káre. Ẹ wo ìbéèrè kejìdínlógún. Ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ yìí kò tọ̀nà. Àwọn tó tẹ ìwé náà kò fara balẹ̀. Irú rẹ̀ méje ni mo rí nínú ọdún kan péré yìí."

"Ẹ̀hẹn?"

"Ọmọ yín mú méjèèje bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á mú èyí tó tọ̀nà, ẹ̀yin á sì ní ó kùnà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè ṣèèṣì bá àṣìṣe wọn mu lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀méje, Màmá."

Mo kó àwọn ìwé mi jọ, mo dìde. Ọlọ́kadà ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà, n kò gbọ́ ọ̀kan. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo bá ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyá, ta ló ń kó ìwé inú àpótí yín?"

Kò gbójú sókè. "Ọmọ rẹ ni. Ó máa ń wá wò ó lọ́jọ́ Jímọ́, á sì dá a padà. Kò fa ìkankan ya."

"Ṣebí mo ní kí ẹ má fún ẹnikẹ́ni?"

"O ò sọ fún mi pé ọmọ ulé ùwé ni kò gbọdọ̀ wo ùwé." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀. "Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n tẹ̀ka, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹnìkan bá mi wo ùwé náà. Wọ́n ní rárá. Ọmọ yìí wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní òun fẹ́ wo ùwé. Kí èmi náà ní rárá?"

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi bá ìyá mi sọ ju ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú alẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ló dùn mí jù, torí kò fi ọ̀rọ̀ náà bọpobọyọ̀ nígbà tí mo bi í léèrè.

"Mọ́mì, láti ìgbà tí èsì àkọ́kọ́ ti jáde, ẹ kò rẹ́rìn-ín sí mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba igba ó lé, ẹ fọwọ́ pa mí lórí. N kò wá mọ bí n óò ṣe sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ pé kó fún òun ní ọdún kan sí i. Ó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìkọ̀lé, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má gbé aago wá. Nígbà tó padà, ìwé ìgbaniwọlé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ̀ òfin ló sì wà lára rẹ̀. Mo bi í pé mélòó ló gbà.

"Ó tó, Mọ́mì," ló wí, ó sì wọlé lọ kí ìyá mi.

Ìyá mi ti dolóògbé báyìí, kò sì sọ rí pé òun ṣẹ̀ mí. Ọmọ náà ti di lọ́yà, ó ti ṣe ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì máa ń ká mi lára bí ilé bá dákẹ́. Àwọn méjì tí mò ń dáàbò bò pawọ́ pọ̀, wọ́n ń dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ mi, mo sì wà níbẹ̀ tí mò ń ṣọ́ aago. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún béèrè iye tó gbà lọ́dún yẹn, á sọ fún mi. N kò tíì béèrè.