Omi Tí A Pọn De Àlejò

Àwa obìnrin tó ń yan gààrí ní Odígbó kò tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba. Kànga ẹ̀rọ la ní kí wọ́n gbẹ́ fún wa. Iṣẹ́ gààrí kò ṣeé ṣe láìsí omi. Bí a bá bó ẹ̀gẹ́ tán, a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí a tó lọ̀ ọ́. Odò tí a ti ń pọnmi wà lẹ́yìn oko kòkó, ọ̀nà rẹ̀ sì gba inú igbó kọjá. Lójú ọ̀nà yẹn ni àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn dání ti gbé mi lọ. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa wọn. Èmi padà wálé. Àwọn kan lọ tí wọn kò padà.

Olórí wa, ìyá àgbà kan tí ẹnu rẹ̀ mú, ló ń kó wa lọ sí ọ́fíìsì káńsù ní Ọ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a bá dé ibẹ̀, wọ́n á ní ọ̀gá kò sí, a ó sì tún gun ọ̀kadà padà sílé. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé kan rí wa, ó ní, “Ìyá, ẹ tún ti dé?”

Ìyá dáhùn pé, “Ọmọ mi, mo ti fẹ́ yín níbí. Ibo ni kí n gbé ẹrù mi sí?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣèlérí pé àwọn á wá wo ibi iṣẹ́ wa.

Bí a ṣe máa ń ṣe fún àlejò la ṣe. A gbálẹ̀, a kó èèpo ẹ̀gẹ́ dànù, a pa iná kí èéfín má baà ta wọ́n lójú. Àwọn ẹgbẹ́ mi pọnmi láti àárọ̀ títí gbogbo àgbá fi kún.

Obìnrin kan ni káńsù rán, pẹ̀lú ọlọ́pàá kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bí mo ti rí ìbọn náà, mo lọ dúró sẹ́yìn àwọn àpò gààrí. Obìnrin náà wò yí ká, ó ṣí àgbá kan wò.

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibí mà mọ́ o! Omi yín pọ̀ ju ti ilé mi lọ. Àwọn kan wà tí wọn kò ní omi rárá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn.”

Ìyá ní, “A pọn ọ́n ni, mà.”

“Ẹ kú wàhálà. A jẹ́ pé odò ò kúkú jìnnà?”

Ìyá wolẹ̀. Gbogbo wọn wolẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe sọ ọ̀rọ̀ mi fún àjèjì kankan, nítorí a kò mọ ẹni tó lè gbọ́. Wọ́n pa á mọ́ fún mi, kànga sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa nítorí rẹ̀.

Mo jáde. Mo ní, “Mà, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́pàá máa lọ níwájú. N kò lè rìn kí ìbọn wà lẹ́yìn mi.”

Ó ní kí ọlọ́pàá bọ́ síwájú. A rìn títí oko kòkó fi tán tí igbó bẹ̀rẹ̀. Mo dúró.

Mo ní, “Ibí ni, mà. Ibí ni wọ́n ti mú mi.”

Ó wo inú igbó. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Odò ńkọ́?”

“Ó ṣì kù níwájú.”

Ó di ọwọ́ mi mú. “Ó tó. Ẹ jẹ́ ká padà.” Kí ó tó sọ ọ́ tán, ọlọ́pàá ti yí padà.

Àwọn tó gbẹ́ kànga náà dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ yọ pọ́n bí ẹrẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi sì dúró tì í títí ó fi mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, n kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́ láti wò ó bóyá gbogbo wọn ti ti odò dé.